Má fi pánẹ́ẹ̀lì bẹ̀rẹ̀

Àbúrò, o kú ìsapá. O bèèrè bóyá kí o kọ́kọ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń to pánẹ́ẹ̀lì kí o tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí iná ìjọba tí sólà wà nínú rẹ̀. Rárá. Frequency, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, bí iná onífáìsì mẹ́ta (èyí tó ń gba wáyà mẹ́ta) bá ti yé ọ. Bí kò bá yé ọ, tún ìyẹn kà ná.

50 Hz ni frequency iná wa, ìyẹn ìgbà àádọ́ta ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí iná tí à ń lò bá ju èyí tí wọ́n ń pèsè lọ, frequency á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Tọ́báìnì ńlá, ẹ̀rọ tí omi ń yí láti pèsè iná, bíi ti Kainji, wúwo. Bó ṣe ń yí máa ń jẹ́ kí frequency rọra lọ sílẹ̀, kí àwọn ẹ̀rọ tó kù ráyè gbè é. Pánẹ́ẹ̀lì kò ní ohun tó ń yí. Ìkúùkù bo oòrùn báyìí, iná rẹ̀ já wálẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà.

Lẹ́yìn náà:

1. Kọ́ bí wọ́n ṣe ń díwọ̀n oòrùn ọ̀la. Ìrọ̀lẹ́ ló le jù: sólà ń lọ, gbogbo ilé ń tanná.

2. Gba pandapower, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ṣírò bí iná ṣe ń gba orí wáyà, sórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. Ya ọ̀nà iná 330 kV (irú wáyà ńlá tó ń gbé iná láti ìlú dé ìlú) kékeré kan, yọ sólà kúrò, wo bí fólítéèjì ṣe yí padà. Kò ní fi frequency hàn ọ́ o.

Òṣogbo lo sì wà, níbi tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà! Ẹ kó ara yín jọ, kí ẹ kọ lẹ́tà pé ẹ fẹ́ wá wo iṣẹ́ wọn. Ó ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú kò mọ̀ pé irú ibẹ̀ wà nítòsí wọn.