Omi tó dànù yẹn, tèmi ni

Àbúrò mi, o ní ọdún kẹta rèé tí ọmọ rẹ ti lọ, pé bó o bá dárúkọ ẹ̀, àwọn ará ilé ọkọ rẹ á ní kó o gbàgbé. O wá ń bèèrè bóyá àìnígbàgbọ́ ni ẹkún tó ń gbé ọ dìde lóru. Gbọ́ tèmi.

Ọdún 2009 ni mo bí ọmọkùnrin kan ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Ọjọ́ kẹjọ la sọ ọ́ lórúkọ, ọjọ́ kọkànlá ló lọ. Ẹran ìkómọ ṣì wà nínú ìkòkò. Gbogbo ẹni tó wọlé, ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Wọn ò fi ibi sọ ọ́ o, àdúrà ni. Àmọ́ kò ṣáà sẹ́ni tó bá mi wo omi tó wà nílẹ̀. Wọn ò jẹ́ kí n mọ ibi tí wọ́n sin ín sí.

Ọmú mi ò gbọ́ ìpẹ̀ ní tiẹ̀. Ó tó ọjọ́ mélòó kan tí wàrà ṣì ń rin bùbá mi. Ọ̀já tí mo rà láti fi pọn ọmọ ni ìyá mi fi dì mí láyà, ó ní kẹ́nikẹ́ni má rí omi lójú mi. Mo gbọ́ràn.

Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, mo padà sídìí ẹja tí mò ń yan lọ tà lọ́jà Olúwo. Ìdí ààrò dáa fún ẹni tó bá fẹ́ sunkún: bí wọ́n bá bi ọ́, èéfín ni. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi èéfín bojú. Mo bí méjì sí i, agbè ò fọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n n kì í lọ síbi ìkómọ, owó ni mò ń fi ránṣẹ́. Àyà á há mi, orí á fọ́ mi, mo mu àgbo títí.

Lọ́dún 2018, mò ń wá aṣọ Iléyá nínú àpótí, fìlà kékeré kan jábọ́. Mo gbé e simú. Káńfọ̀ ló ń rùn, òórùn ọmọ ti lọ. Ìyẹn ló dá mi lóró jù. Mo ké. Ìyá ọkọ mi sáré wọlé, mo rò pé á ní kí n dákẹ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì mí, ó pe orúkọ ọmọ náà, òun náà bú sẹ́kún. Lọ́jọ́ kejì ó mú mi lọ sẹ́yìnkùlé, nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan. Ibi tí mo ti ń sá aṣọ látọjọ́ yìí ni.

Ní ti ìgbàgbọ́, ààfáà wa ló rán mi létí pé Ànábì Muhammad sunkún nígbà tí Ibrahim ọmọ rẹ̀ kú. Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì lò ń lọ, Jésù náà sunkún nítorí Lásárù.

Kò tán lọ́jọ́ kan, mi ò ní parọ́ fún ọ. Bí oṣù mẹ́ta ni ẹkún náà ń lọ tó ń bọ̀. Wá ẹnì kan ṣoṣo tí kò ní ní kó o dákẹ́, kó o pe orúkọ ọmọ rẹ sí i létí. Ṣùgbọ́n bí oorun bá dá pátápátá, tàbí tí ọkàn rẹ ń ní kó o tẹ̀lé ọmọ lọ, má dúró de èsì wa níbí. Jẹ́ kẹ́nì kan sìn ọ́ lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.

Lóṣù tó kọjá, mo lọ síbi ìkómọ ọmọ tí àbúrò mi kan nílé bí. Mo gbé ọmọ náà. Ó tọ̀ sí mi lára.