Ta ló ṣẹ̀dá lẹ́tà tí wọ́n fi ń kọ èdè Santali?

Raghunath Murmu ni, olùkọ́ kan láti Mayurbhanj ní ìpínlẹ̀ Odisha, lórílẹ̀-èdè Íńdíà. Ọdún 1925 ló gbé lẹ́tà náà, Ol Chiki, jáde. Ṣáájú ìgbà yẹn, lẹ́tà Bengali, Odia tàbí Látìn ni àwọn Santal, ìyẹn ẹ̀yà tó ń sọ Santali, ń yá lò, kò sì bá ìró èdè wọn mu dáadáa. Lẹ́tà 30 ni Ol Chiki ní, fáwẹ̀lì sì dá dúró bíi lẹ́tà gidi. “At”, orúkọ lẹ́tà t, túmọ̀ sí ilẹ̀. Iṣẹ́ ńlá gbáà ni! Murmu tún kọ eré oníṣe ní èdè náà. Ọdún 2003 ni wọ́n fi Santali kún àwọn èdè tí ìwé òfin Íńdíà dárúkọ. Àwọn kan ṣì ń fi lẹ́tà Látìn tàbí Bengali kọ ọ́.