Èdìdì HIPAA ò ní gbà yín lọ́wọ́ òfin Benin

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, mo ní kílíníìkì kékeré kan ní Kétu. Ọkùnrin kan wá láti Kùtọ̀nú, ó ní kí n ra lójísíẹ̀lì, ètò kọ̀ǹpútà tá a fi ń tọ́jú ìwé àwọn aláìsàn, tó ní èdìdì HIPAA, pé tí mo bá ti rà á, kò sẹ́ni tó lè fi òfin mú mi mọ́. Oṣooṣù la ó máa sanwó ẹ̀. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹnì kẹta nìyí tó ń bi mí léyìí lóṣù yìí, ó sì ti ń ká mi lára. Ẹ má tíì sanwó.

HIPAA, òfin Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo ìsọfúnni àwọn aláìsàn ni, 1996 ni wọ́n ṣe é, àwọn ilé ìwòsàn àti adójútòfò tọ̀hún ló wà fún. Èyí tó wá ń bí mi nínú jù ni pé níbẹ̀ gan-an, ìjọba kì í fún lójísíẹ̀lì ní èdìdì kankan! Iléeṣẹ́ ìlera wọn ti sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn ò ka sẹ̀tífíkéètì táwọn aládàáni ń tà sí nǹkan kan. Nítorí náà èdìdì tó fi hàn yín, bóyá ó rà á ni o, bóyá ó yà á fúnra ẹ̀ ni o, ìjọba kọ́ ló fún un.

Òfin tiyín wà nílé. Code du numérique ni, òfin 2017-20, tó jáde lóṣù kẹrin 2018, ìwé karùn-ún inú ẹ̀ ni kí ẹ kà. APDP, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ ìsọfúnni ara ẹni, ló ń bójú tó o. Ọ̀rọ̀ àìsàn èèyàn wà lára ohun tó ṣọ́ jù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni kílíníìkì ló sì máa kọ́kọ́ bi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń bá yín tọ́jú dátà náà ní tiẹ̀ níbẹ̀.

Kí ló dé tí ọjà yìí gbóná? Lóṣù kejì 2024, àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ Change Healthcare, iléeṣẹ́ tó ń bá ilé ìwòsàn àti ilé oògùn gbowó lọ́wọ́ adójútòfò ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó ìsọfúnni èèyàn tó ju mílíọ̀nù 100 lọ, àwọn ilé oògùn ò rówó gbà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ojú ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé ò ní kóòdù kejì, irú èyí tó máa ń wọlé sórí fóònù yín. Kó tó di pé ọdún yẹn parí, ìjọba ibẹ̀ dá a lábàá pé kí kóòdù kejì di dandan, kí wọ́n sì máa fi dátà pamọ́ bí àrokò tí olè ò lè kà. Làwọn ọlọ́jà bá rí ohun tí wọ́n á fi dẹ́rù bà wá.

Mo dé kílíníìkì kan níbí ní Àjàṣẹ́ lọ́dún tó kọjá, lójísíẹ̀lì olówó ńlá ni wọ́n rà. Wọ́n kọ kóòdù ẹ̀ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà, wọ́n fi pílásítà ọgbẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, nọ́ọ̀sì mẹ́rin ń fi orúkọ kan ṣoṣo wọlé, ìgbà tó sì dalẹ́ ọ̀kan nínú wọn ya fọ́tò èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ìyá kan, ó jù ú sórí WhatsApp, orúkọ ìyá ọ̀hún gbọingbọin lórí ẹ̀, pé ta ló mọlé ẹ̀. Èdìdì wo ló fẹ́ gbà wọ́n?

Ohun tí màá ṣe ni kí kálukú ní kóòdù tiẹ̀, ẹni tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀ ẹ pa tiẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, èsì àyẹ̀wò ò sì gbọdọ̀ dé orí WhatsApp. Ẹ lọ bi APDP bóyá ẹ gbọ́dọ̀ gbàṣẹ tàbí kẹ́ ẹ kàn fi tó wọn létí kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Èmi kì í ṣe lọ́yà o, ẹ fi àdéhùn náà han ẹni tó mọ òfin.

Ẹ wá bi ọkùnrin yẹn: orílẹ̀-èdè wo ni ìwé àwọn aláìsàn wa máa wà? Tá a bá dáwọ́ owó dúró, báwo la ṣe máa kó o jáde? Kó kọ èsì ẹ̀ sílẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i. Tó bá ń fà sẹ́yìn níbi ìkejì, ẹ ní kó máa lọ.