Pé kò rú èéfín kò ní kó má pa èèyàn: ìdáhùn lórí sítóòfù onígi inú àgọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ máa lọ pàgọ́ nígbà òtútù, a sì ń wá sítóòfù onígi kékeré tí a lè gbé sínú àgọ́. Mo rí ọ̀kan tí kò ní ṣímínì. Ẹni tó ń tà á ní tó bá di alẹ́, kí a kó èédú sí i dípò igi, torí èédú kì í rú èéfín, àti pé tí a bá ti ṣí síìpù ilẹ̀kùn díẹ̀, kò séwu. Ṣé onírin ni kí n rà ni àbí ti titanium? Báwo ló sì ṣe yẹ kó tóbi tó?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó. Kí a tó dé orí irin àti titanium, sítóòfù tí kò ní ṣímínì kò gbọdọ̀ jó nínú àgọ́ rárá, ì báà ṣe igi lẹ kó sí i, ì báà ṣe èédú, ì báà ṣe fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìta ni kó máa wà. Ẹni tó ní kí ẹ ṣí síìpù díẹ̀ kọ́ ló máa sùn síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ “kò rú èéfín” yìí ti sú mi í gbọ́, ó sì ń bí mi nínú, torí ó ń tan àwọn èèyàn tó ń ṣọ́ra gan-an. Èéfín kọ́ ni olórí ewu. Gáàsì carbon monoxide ni, èyí tí wọ́n ń pè ní CO. Ibi tí igi tàbí èédú bá ti ń jó tí afẹ́fẹ́ kò tó o ló ti ń jáde. Kò láwọ̀, kò lóòórùn, kì í ta èèyàn lójú, kì í sì í múni wúkọ́. Èéfín máa lé yín jáde kó tó ṣe yín léṣe. CO ò ní lé yín.

Ní ti èédú, ohun tó ń mú igi rú èéfín ti jó kúrò lára rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sun ún. Ẹyín pupa tó kù, tó ń jó láìsí ọwọ́ iná, CO ló ń tú jáde, ó sì pọ̀. Ẹ wá rí i pé ìmọ̀ràn tí wọ́n fún yín yẹn, ohun tó máa jí yín lójú oorun ló mú kúrò, ó fi ohun tó ń pa èèyàn sílẹ̀.

Tí CO bá wọ inú ẹ̀jẹ̀, hemoglobin, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó gbé ọ́síjìn, á dì í mú, ó sì ń dì í ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Ìdí nìyẹn tí díẹ̀díẹ̀ rẹ̀ fi ń pọ̀ lára. Orí á máa fọ́, òòyì á máa kọ́ni, èébì á máa gbéni, ara á rọ. Ọ̀pọ̀ á rò pé àárẹ̀ ìrìn ni, wọ́n á lọ dùbúlẹ̀. Ẹni tó ti sùn ò tiẹ̀ ní mọ nǹkan kan. Síìpù tí ẹ ṣí ò sì ṣeé gbọ́kàn lé, torí ẹ ò mọ ibi tí atẹ́gùn máa yà sí lóru.

Tí irú àpẹẹrẹ bẹ́ẹ̀ bá ṣe ẹnikẹ́ni, kí gbogbo yín jáde lójú ẹsẹ̀, kí ẹ pe àwọn tó ń gba ẹ̀mí là. Kódà tí orí ò bá fọ́ mọ́, ẹ jẹ́ kí dókítà rí i: nínú afẹ́fẹ́ lásán, ó máa ń tó wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún kí ìdajì CO tó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ má wa mọ́tò fúnra yín. Bákan náà, ẹ má gbé ààrò tí ẹ fi sun ẹran wọlé kó lè mú àgọ́ móoru. Ó lè dà bíi pé iná ti kú, kí ẹyín sì wà lábẹ́ eérú fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Èyí tó ní ṣímínì gan-an nílò ọgbọ́n. Gbígbóná ṣímínì ló ń fa gáàsì jáde. Nígbà tó bá ku ẹyín nìkan, ṣímínì ń tutù, agbára tó fi ń fa nǹkan ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an ni CO ń pọ̀. Àwọn tó ń dé ojú afẹ́fẹ́ pa kí iná lè pẹ́ di àárọ̀ ń fi ẹ̀mí wọn wewu. Ẹ jẹ́ kí iná kú pátápátá, kí ẹ kó eérú síta, kí ẹ tó sùn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ rírà. Ẹ ra kékeré. Sítóòfù tó tóbi ju èyí tó yẹ àgọ́ yín lọ á mú yín láàgùn, ẹ ó sì fún afẹ́fẹ́ rẹ̀ pa, a tún padà sórí CO nìyẹn. Titanium fúyẹ́, ó dáa fún ẹni tó máa gbé e sẹ́yìn rìn, àmọ́ kíá ló ń tutù. Irin wúwo, ooru sì ń pẹ́ lára rẹ̀. Tí mọ́tò bá máa gbé e débẹ̀, òun ni màá rà. Ẹ má lo páìpù tí wọ́n fi síńkì bò. Ẹ dá iná àkọ́kọ́ níta, kí ọ̀dà àti òróró ara rẹ̀ jó kúrò. Igi gbígbẹ dáadáa ni kí ẹ lò, èyí tí omi inú rẹ̀ kò tó ìdá 20 nínú 100.

Ṣímínì gbọ́dọ̀ ga ju téńté àgọ́ lọ, kó ní àwọ̀n lórí tó ń dá ẹyín wínníwínní dúró, kó sì gba ojú ihò tí wọ́n fi aṣọ tí kì í gbiná yí ká. Pọlíẹ́sítà ń yọ́ ní nǹkan bí 250°C, páìpù sì lè gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ má fi sísọ́ọ̀sì lu ihò sára àgọ́ yín. Ẹ ra aláàmù CO tó ní EN 50291-2 lára, ìyẹn nọ́ńbà ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù fún aláàmù tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ìgbafẹ́ àti ọkọ̀ ojú omi. Àmọ́ aláàmù kì í sọ sítóòfù tí kò ní ṣímínì di èyí tó dáa.

Mi ò rí àgọ́ yín, mi ò sì lè fọwọ́ sọ̀yà fún un láti ibí. Ẹ ka ìwé tó bá a wá. Tó bá ní kí ẹ má dáná nínú rẹ̀, ẹ má dá a; owó sítóòfù yẹn, ẹ fi ra àpò ìsùn tó nípọn fún ẹ̀yin méjèèjì.