Ẹ má tíì gba tíṣà lẹ́sìn, ẹ kọ́kọ́ ní kó kàwé fún yín

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Mo rí ọ̀rọ̀ tí mọ́mì yẹn kọ láàárọ̀, pé ọmọ òun wà ní pírámárì 3, sọ́bújẹ́ẹ̀tì 17 ló wà nínú káàdì ẹ̀, ó gba 90 nínú handwriting, àmọ́ 38 ló gbà nínú máàtì, 41 nínú Basic Science, 40 nínú Social Studies, dádì ọmọ wá ní kí wọ́n gba tíṣà lẹ́sìn mẹ́ta fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ọmọ sì pa Yorùbá àti Agric tì kó lè ráyè fún iṣẹ́ gidi. Mọ́mì wá ń béèrè pé kí gan-an ni wọ́n fẹ́ kí ọmọ kékeré kọ́ nínú gbogbo rádaràda yìí.

Tíṣà pírámárì ni mí. Ilé ìwé ìjọba ni mo ti bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn, kíláàsì tí ọmọ á kún débi pé àwọn kan á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ìwé kíkà kan, ọmọ mẹ́rin á dorí bò ó, kí n tó bọ́ sí praífẹ́ẹ̀tì, lẹ́sìn ilé ni mò ń ṣe báyìí. Torí náà ọ̀rọ̀ yìí, ojú mi ti rí i dáadáa. Ẹ má tíì gba tíṣà kankan. Ó jọ pé nǹkan kan ṣoṣo ni ọmọ yẹn ò mọ̀, òun ló ń fara hàn níbi mẹ́ta, ìwé kíkà sì ni.

Ẹ wo 90 yẹn. Ó túmọ̀ sí pé ó ń da ọ̀rọ̀ ojú bọ́ọ̀dù kọ dáadáa, lẹ́tà ẹ̀ rẹwà, ó dúró sórí ìlà. Àmọ́ èèyàn lè da ohun tí ò lè kà kọ. Mi ò lè ka iye nóòtì mímọ́ tónítóní tí mo ti rí, tí tíṣà ti fi bíró pupa mákì látòkè délẹ̀, kẹ́ ẹ wá ní kọ́mọ ka ìlà kejì, á kàn máa wojú yín ni.

Lálẹ́ òní, ẹ ní kó mú nóòtì sáyẹ́ǹsì téèmù tó kọjá wá. Ẹ ṣí ibi tí kò há sórí, kó kà á sókè, lẹ́yìn náà kó fi Yorùbá sọ ohun tó kà fún yín. Tí kò bá lè pe àwọn ọ̀rọ̀ náà rárá, ẹ padà sí lẹ́tà àti ìró, ẹ máa ṣe é fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójoojúmọ́, kò sí ìtìjú níbẹ̀, mo ti bá ọmọ pírámárì 5 bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Tó bá kà á wàràwàrà tí kò sì lè sọ ohun tó kà, English ni ò gbọ́, kì í ṣe pé kò mọ sáyẹ́ǹsì, ẹ máa bá a ka ìtàn kéékèèké, kẹ́ ẹ máa dúró bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ níbí, kí lo rò pé ó máa ṣẹlẹ̀. Tó bá sì kà á, tó sọ ọ́ ní Yorùbá dáadáa, àmọ́ tí kò lè kọ ọ́ sílẹ̀ níjọ́ ìdánwò, ọ̀rọ̀ ìyẹn ò le, kó máa kọ gbólóhùn mẹ́ta mẹ́ta lálaalẹ́ nípa ohunkóhun tó ṣe lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ n fi máàtì ṣe àpẹẹrẹ torí ibẹ̀ lowó òbí ti ń ṣòfò jù. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi nígbà kan, tẹ́ ẹ bá kọ 45 ÷ 5 fún un, kíá, 9. Mo wá kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù pé "Share 45 oranges equally among 5 children", ó kọ 50. Mo ní báwo ló ṣe jẹ́, ó ní, "Àǹtí, mo rí 45, mo rí 5, mo dẹ̀ ro wọ́n pọ̀." Mo ní ó dáa, pín ọsàn márùndínláàádọ́ta fún ọmọ márùn-ún lọ́gbọọgba, kò tiẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán tó fi ní mẹ́sàn-án. Ẹ wá sọ fún mi, ẹni tó bá ń gbowó lẹ́sìn máàtì lórí ọmọ yìí, kí ló fẹ́ kọ́ ọ?

Máàtì náà ní wàhálà tiẹ̀ ṣá o. Ẹ kọ 52 − 27 fún ọmọ yín. Tó bá kọ 35, a jẹ́ pé ó yọ 2 kúrò nínú 7, ó tún yọ 2 kúrò nínú 5, torí wọ́n ti sọ fún un pé kékeré là ń yọ nínú ńlá. Àwọn ọmọ pọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ dẹ̀ lè fún un ní ọgọ́rùn-ún irú ẹ̀ kó ṣe, á máa ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ ni. Kò tíì yé e pé 5 tó wà nínú 52 kì í ṣe márùn-ún, àádọ́ta ni. Ẹ mú ọwọ̀ ògbólógbòó kan, ẹ ṣẹ́ ẹ sí kéékèèké, ẹ fi rọ́bà dì í ní mẹ́wàá mẹ́wàá, kó jẹ́ ìdì márùn-ún àti ẹyọ méjì. Ẹ ní kó fún yín ní 27. Á kọ́kọ́ gbé ìdì méjì fún yín, ìyẹn rọrùn, ẹyọ méje wá dà? Á wò yín, á wo ìdì tó kù, á tún wò yín. Ẹ má bá a tú u o, ẹ ṣe bí ẹni tí ò rí i. Tó bá ti fọwọ́ ara ẹ̀ tú ọ̀kan, ẹyọ á di 12, á yọ 7, á ku 5, ìdì á sì ku méjì. 25. Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ tó máa kọ ọ́ sínú ìwé tẹ́ ẹ máa sọ̀rọ̀ "borrow". Table tó wà lẹ́yìn ìwé èkísásáìsì, ó dáa kó há a sórí, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn, ó kàn jẹ́ pé table ò lè ṣiṣẹ́ tí ìdì ọwọ̀ yẹn ṣe.

Sáyẹ́ǹsì ńkọ́? Ọmọ á dìde, á kà á bí orin, Movement, Respiration, Nutrition, Irritability, Growth, Excretion, Reproduction, Death, MR NIGER D, ìyẹn àwọn àmì tá a fi ń mọ ohun tó lẹ́mìí, gbogbo kíláàsì á pàtẹ́wọ́. Ẹ bi í pé ọ̀pẹ tó wà níta yẹn, ṣé ó lẹ́mìí? Á ní rárá, torí pé kì í rìn. Ohun tí wọ́n fẹ́ kó kọ́ níbẹ̀ ni kó máa wo nǹkan fínnífínní, kó máa fi wé ara wọn, kó máa bi ara ẹ̀ pé kí ló fà á. Ẹ fún un ní kóró ẹ̀wà àti òwú, ife mẹ́ta. Kó fi ọ̀kan síbi wíńdò, ọ̀kan sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣókùnkùn, kó má fún ìkẹta lómi rárá. Kó máa fi rúlà wọ̀n wọ́n láràárọ̀, kó máa kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì. Èyí tí ò rómi ò ní hù. Ti inú kọ́bọ́ọ̀dù á hù, á tiẹ̀ gùn ju ti ojú wíńdò lọ, àmọ́ á tín-ín-rín, ewé ẹ̀ á pupa rúsúrúsú, torí ìmọ́lẹ̀ ló ń wá kiri. Kó ya àwòrán ẹ̀, kó kọ gbólóhùn mẹ́rin sábẹ́ ẹ̀. Ẹ ò rí i pé máàtì, sáyẹ́ǹsì, Agric àti English ló ṣe lórí tábìlì kan yẹn.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pẹ̀lú dádì lórí Agric. Nígbà tí mo wà nílé ìwé ìjọba, oko ẹ̀yìn kíláàsì ni mo ti ń kọ́ wọn ní mítà. Àgbàdo, 75 sẹ̀ǹtímítà láti ìlà dé ìlà, 25 láti kóró dé kóró. Ọmọ tí ò mọ bí sẹ̀ǹtímítà ṣe ń di mítà nínú ìwé, tó bá ti fi okùn wọn àlàfo mẹ́rin, á rí i pé mítà mẹ́ta ló já sí géérégé. Tó bá jẹ́ ilé ìwé tó kàn ń pe nóòtì Agric fún ọmọ pé "A hoe is a farm tool" láìjẹ́ kó fọwọ́ kan ọkọ́ rí, bínú dádì bá bàjẹ́, mo gbà fún wọn. Bákan náà ni kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń yà sínú ìwé pẹ̀lú pẹ́ńsù tí kò sí ẹyọ kan nílé ìwé.

Social Studies, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. "A family is a group of people related by blood, marriage or adoption", gbogbo wọn mọ̀ ọ́n. Ọmọ kan tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà, pẹ̀lú àbúrò bàbá ẹ̀ àtàwọn ọmọ àǹtí ẹ̀, wọ́n bi í nínú ìdánwò pé irú ẹbí wo ni tiyín, ó kọ "nuclear", ìyẹn bàbá, ìyá àtàwọn ọmọ wọn nìkan, torí òun ló kọ́kọ́ wà nínú nóòtì. Ẹ jẹ́ kó ya àwọn ará ilé yín pẹ̀lú orúkọ àti bí wọ́n ṣe bá a tan, ẹ jẹ́ kó mọ àdúgbò yín, ìjọba ìbílẹ̀ yín, ẹni tó ń kó pàǹtí àti ìdí tí ẹ fi ń sanwó fún un. Civic náà wà nínú ẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí 17 yẹn já yín láyà jàre. Ìjọba kọ́ ló ní kó tó bẹ́ẹ̀. Nínú kàríkúlọ́ọ̀mù tí wọ́n tún ṣe lọ́jọ́sí, wọ́n kó Civic, Social Studies àti ẹ̀kọ́ ìsìn sábẹ́ orúkọ kan, Religion and National Values, wọ́n kó sáyẹ́ǹsì, kọ̀ǹpútà àti PHE (eré ìdárayá àti ìlera) sábẹ́ Basic Science and Technology. Lọ́dún 2025 wọ́n tún kéde òmíràn, sọ́bújẹ́ẹ̀tì 9 sí 10 ni fún pírámárì 1 sí 3, 10 sí 12 fún 4 sí 6. Èyí tó ṣẹ́kù nínú káàdì yín, praífẹ́ẹ̀tì ló fi kún un. Phonics, dictation, handwriting, composition, English kan náà ni wọ́n gé sí mẹ́rin kí káàdì lè gùn, Verbal àti Quantitative Reasoning sì wà níbẹ̀ nítorí Common Entrance, ìdánwò àtiwọ sẹ́kọ́ńdírì.

Ó wá ku Yorùbá, tí dádì fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ pa tì. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ọmọ tí ìwé kíkà bá ń nira fún, Yorùbá ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ fún un. Lẹ́tà 25 péré, ohun tẹ́ ẹ bá rí lẹ ń pè, ba, be, bẹ, bi, bo, bọ, bu, tó bá ti mọ bí lẹ́tà méjì ṣe ń so pọ̀ di ìró, á lè ka "bàbá" àti "bàtà" kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú, á dẹ̀ rí i pé òun lè kàwé. Nígbà náà lẹ wá lè fi "c" tó ń dún bákan nínú "cat" tó tún dún bá mìíràn nínú "city" dà á láàmú. Wọ́n ti dán an wò n'Ílé-Ifẹ̀ láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa ti Yunifásítì Ifẹ̀ ló ṣagbátẹrù ẹ̀, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, máàtì, sáyẹ́ǹsì, Social Studies, tíṣà tó mọ English dunjú wá ń kọ́ wọn ní English lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yẹn ò rẹ̀yìn nínú English rárá, wọ́n tiẹ̀ ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n fi English kọ́ lọ. Síbẹ̀ mo ti ṣiṣẹ́ níbi tí ọmọ ti ń san owó ìtanràn tó bá sọ Yorùbá ní bíréèkì.

Tẹ́ ẹ bá wá rí i lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ pé ẹ ṣì fẹ́ gba tíṣà, ẹ gba ẹyọ kan. Kó tó sọ iye tó fẹ́ gbà, ẹ gbé nóòtì sáyẹ́ǹsì yẹn àti ọmọ síwájú ẹ̀, ẹ jókòó, kẹ́ ẹ máa wo ohun tó máa kọ́kọ́ ṣe. Tó bá jẹ́ pé ó ṣí ojú ewé tuntun tó ní kọ́mọ máa kọ "Topic", ẹ fún un ní omi tútù mu, kẹ́ ẹ sìn ín dé géètì. Mọ́mì, ẹ padà wá sọ bó ṣe lọ nígbà tó kà á, kẹ́ ẹ dẹ̀ sọ ohun tó kọ fún 52 − 27.