Èsì: Bí òtítọ́ bá máa pa èèyàn ńkọ́?

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní bí ahimsa, àìṣèpalára, bá forí gbárí pẹ̀lú satya, òtítọ́, èwo ni kí ẹ dì mú? Àìṣèpalára ni. Òun ló ṣíwájú nínú ẹ̀jẹ́ márùn-ún àwọn ẹlẹ́sìn Jain, ẹ̀sìn àtijọ́ kan ní India, òtítọ́ ló tẹ̀ lé e.

Nínú Mahabharata, ìtàn akọni àtayébáyé ilẹ̀ India, jagunjagun kan tó ń jẹ́ Arjuna fẹ́ẹ́ pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ torí ẹ̀jẹ́ tó ti jẹ́. Krishna, òrìṣà tó ń tọ́ ọ sọ́nà, wá sọ ìtàn ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kaushika fún un. Kaushika búra pé òun ò ní parọ́ láé. Àwọn ọlọ́ṣà bi í pé níbo làwọn tí wọ́n ń lé gbà. Ó júwe igbó fún wọn. Àwọn ọlọ́ṣà náà pa àwọn tí wọ́n ń lé, Kaushika sì wọ ọ̀run àpáàdì tòun ti òtítọ́ rẹ̀!

Krishna ní bí dídákẹ́ bá lè gbà yín, ẹ dákẹ́. Àfi tí wọ́n bá fipá mú yín sọ̀rọ̀ ni irọ́ fi sàn jù. Nítorí náà, irú irọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe láti fi bo ìtìjú ara ẹni o.

Ti Gandhi, aṣáájú ìjà òmìnira India, yàtọ̀ díẹ̀: òtítọ́ ni ibi tí à ń lọ, àìṣèpalára lọ̀nà. Ẹnikẹ́ni ò rí òtítọ́ tán, ta ló wá lẹ́tọ̀ọ́ láti fi kùmọ̀ gbé tiẹ̀ kalẹ̀?