Lorax: ìwé, sinimá tàbí eré orí ìtàgé, èwo ni ká fi kọ́ àwọn ọmọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Kíláàsì Yorùbá ọjọ́ Sátidé ni mo ń kọ́ níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ọmọ ọdún méje sí mẹ́wàá. A fẹ́ fi The Lorax, ìtàn ẹ̀dá kékeré tó ń gbẹnu sọ fún àwọn igi, ṣeré fún àwọn òbí ní ìparí sáà. Sinimá ọdún 2012 ni púpọ̀ nínú wọn mọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí ìwé náà, n ò rí ọ̀gá kúkúrú tó ń ta afẹ́fẹ́, n ò rí ọmọbìnrin tí wọ́n torí rẹ̀ ń wá igi. Èwo ni ká tẹ̀ lé? Báwo la sì ṣe máa ṣe Lorax fúnra rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ìwé ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ọwọ́ méjì péré ni mo rí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Nínú ìwé tí Dr. Seuss, òǹkọ̀wé àwọn ọmọdé ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1971, a ò fìgbà kankan rí ojú Once-ler, ẹni tó gé gbogbo igi Truffula tán. Ọwọ́ rẹ̀ gígùn aláwọ̀ ewé nìkan là ń rí: ó ń gégi, ó ń fi orí igi náà hun thneed, aṣọ tó ń tà, ó ń ka owó tí ọmọ tó wá bá a san kó tó gbọ́ ìtàn. Ọmọ tó ń wo àwòrán yẹn ò lè nàka sí ẹnì kan pé òun ni ìkà. Ọwọ́ yẹn lè jẹ́ tẹnikẹ́ni.

Kàtúùnù tẹlifíṣọ̀n ọdún 1972, tí Seuss fúnra rẹ̀ kọ, fi í pa mọ́ bákan náà, ó sì fi nǹkan kan kún un tí mo fẹ́ràn gan-an. Once-ler bi Lorax pé bí òun bá ti ilé iṣẹ́ òun pa, kí ni kí àwọn òṣìṣẹ́ òun máa jẹ? Lorax ò rí èsì fọ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín jókòó ti ìbéèrè yẹn, torí wọ́n mọ òbí tó ń jí lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀.

Sinimá 2012 ló wá fún Once-ler lójú: ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ta gìtá, tí ìyá rẹ̀ ń tì lẹ́yìn pé kó máa gégi lọ. Wọ́n tún mú O'Hare wọlé, òun ló ń ta afẹ́fẹ́, ó sì gba ẹ̀bi tó kù. Orin rẹ̀ dùn, àwọ̀ rẹ̀ tàn, n ò bá àwọn ọmọ jà. (Wọ́n fi Lorax yẹn kan náà polówó mọ́tò Mazda. Ẹ gbà mí!) Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó lẹ́yìn eré yín, kì í ṣe ṣáájú.

Ní ti orí ìtàgé, Old Vic, ilé ìṣeré kan ní Lọ́ńdọ̀nù yín níbẹ̀, ti ṣe é ní 2015. David Greig ló kọ ọ́, Charlie Fink kọ orin rẹ̀, Max Webster sì darí rẹ̀. Ọmọláńgidi ni Lorax níbẹ̀, ènìyàn mẹ́ta ló ń darí rẹ̀. Ẹ̀yin náà lè fi páálí ṣe é, kẹ́ ẹ kùn ún ní àwọ̀ ọsàn, kẹ́ ẹ má sì ṣahun túbọ̀mú rẹ̀. Ọmọ kan á di orí mú àti ọwọ́ kan, èkejì á di ọwọ́ tó kù mú àti ìdí, ẹ̀kẹta á mú ẹsẹ̀. Kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa mí pọ̀, kí wọ́n sì máa wo ọmọláńgidi náà. Ibi tí ojú wọn bá wà ni ojú òǹwòran máa lọ.

Fún Once-ler, ẹ ta aṣọ, kí ọmọ kan dúró sẹ́yìn rẹ̀, kó fa ìbọ̀sẹ̀ gígùn aláwọ̀ ewé sọ́wọ́. Ẹ máa pààrọ̀ ọmọ náà ní ìran kọ̀ọ̀kan, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Àwọn ọmọ tó kù ni igi. Kàn-ìn-kàn-ìn ìbílẹ̀ tí ẹ bá tú, tí ẹ pa láró, máa ń rí wúruwùru bí orí Truffula. Bí wọ́n bá ti gé igi kan, kó kúnlẹ̀ síbẹ̀ bíi kùkùté títí eré á fi parí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sá lọ mu omi o!

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí Lorax fi sílẹ̀ lórí òkúta, ìyẹn "Unless" lédè Gẹ̀ẹ́sì, "Àfi" ni kẹ́ ẹ kọ. "Láìjẹ́ pé" ti gùn jù fún òkúta.

Ọ̀rọ̀ òfin ló kù. Dr. Seuss kú ní 1991. Níbi tí ẹ wà, ẹ̀tọ́ iṣẹ́ òǹkọ̀wé kì í parí àfi lẹ́yìn àádọ́rin ọdún tó ti kú, ìyẹn ìparí 2061. Kódà ní ilé ẹ̀kọ́ gan-an, bí ó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ nìkan ló ń wòran, òfin ò kà á sí eré ìta gbangba, ṣùgbọ́n bí àwọn òbí bá ti wọlé jókòó, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Nítorí náà, ẹ kọ̀wé sí Dr. Seuss Enterprises, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ ìwé rẹ̀, fún ìyọ̀ǹda kẹ́ ẹ tó ra ìbọ̀sẹ̀ kankan. Bí wọn ò bá gbà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ hun ìtàn tiwọn, pẹ̀lú igi tiwọn àti orúkọ tiwọn, kẹ́ ẹ ṣáà fi ẹni tó ń gégi pa mọ́ sẹ́yìn aṣọ.